Wáàtì Mẹ́ta

Wáàtì mẹ́ta péré ni.
Zbyněk ẹ̀gbọ́n mi ló fi òjé yíyọ́ so ó pọ̀ lórí tábìlì ìdáná
ní Ostrava, lọ́dún tí wọ́n ti kòtò èédú rẹ̀ pa
tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́.
Gílóòbù mẹ́rin dúró lórí rẹ̀
bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ní kó dìde kí olùkọ́.
Bí mo bá tan án, wọ́n á pọ́n díẹ̀díẹ̀,
wọn kì í kánjú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe wọ́n.

Ó kú. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún mi, kò fi sípíkà sílẹ̀.

Mo fi kúbùsù bò ó nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́,
mo tì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin.
Ọmọkùnrin tó ń tajà fi méjì hàn mí,
tẹ́ẹ́rẹ́, gíga, wọ́n ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó.
“Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,” ó wí, bí ẹni ń ki ọba.
Wáàtì mélòó ni wọ́n ń jẹ?
“Ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá ní igba, ó tún sàn.”
Mo ṣí kúbùsù. Ó rẹ́rìn-ín.
Kékeré l'abẹ́rẹ́ o, ọmọ yìí, kì í ṣe mímì f'ádìyẹ.
N kò sọ ọ́. Mo da kúbùsù padà.
Ẹni tó ní abọ́ kan ṣoṣo kì í pe alájẹkì wá jẹun.

Ìparí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ohun tí mo mọ̀:
pé bí sípíkà kan bá fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ju èkejì,
ìdajì wáàtì ló bá ọ dá sí;
pé àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kí kọ́ọ̀nù rẹ̀ fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà;
kí òòmù rẹ̀ má máa já wálẹ̀ lójijì
bí àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ nínú òkùnkùn.
Èyí tó wà ní Opava ń pariwo gan-an,
àmọ́ imú ló fi ń sọ̀rọ̀.
Ti Krnov, ológbò ti fi iwájú rẹ̀ pọ́n èékánná.
Ẹ̀kẹta dára. Owó rẹ̀ ni mo fi ra ọkọ̀ mi.

Lẹ́yìn náà, Vítkov, ilé sinimá tí wọ́n fẹ́ wó.
Blažena, tó ti fìgbà kan ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà,
ṣì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.
Ẹgbàáta kórúnà fún méjèèjì.
Wọ́n ga dé àyà mi, wọ́n wúwo bí gbèsè.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan dẹ́ kòtò: “Jindra ló ta á nípàá,
ìparí fíìmù kan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.”
A gbé ẹ̀rọ ka orí káńtà tíkẹ́ẹ̀tì.
Mo yí i díẹ̀, kò tíì dé ìdá mẹ́rin.
Eruku ló kọ́kọ́ jáde, kí ohùn tó tẹ̀lé e.
Blažena kò sọ pé ó dùn.
Ó ní, “Ó ń mí.”

Otakar bá mi gbé wọn gun òkè, àjà mẹ́ta.
Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì dárí jì mí.

Lálẹ́, mo fi téèpù àtijọ́ sí i,
èyí tí Zbyněk fi ń dán ẹnu makirofóònù wò:
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.
Ogún ọdún ni mo fi gbọ́ ọ nínú rédíò kékeré,
òǹkà lásán ni.
Lálẹ́ yìí, lẹ́yìn ẹ̀ta,
abọ́ kan abọ́, omi ń ṣàn nínú báàfù,
ìyá wa sì wí láti ọ̀nà jíjìn,
“Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, òtútù ń wọlé.”

Mo dìde lọ wò ó.