Àkẹtẹ̀ Ojú Dígí

Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sùnmọ́nù ní Pàkátà,
òfin mẹ́ta ló wà lára ògiri, ẹ̀kẹta nìkan ni mo rántí:
"Kámẹ́rà tí ò dé àkẹtẹ̀ ò gbọdọ̀ bá mi jáde."

Rọ́bà dúdú lásán ni,
ó rí bí ife tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ sọnù,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ní ojú-ọ̀nà Táíwò.
Mo ní, Ọ̀gá, kí ni dígí fẹ́ fi fìlà ṣe?
Ṣé òtútù ń mú un ni?

Kò bínú. Ó mú mi jáde sí gbangba,
ó ní kí n wo Òkè Sóbì ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.
Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe,
ọwọ́ mi ti gun iwájú orí, ó ti ṣíji bo ojú.
Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?"
Mo ní kò sẹ́ni.
Ó ní, "Ìwọ lọ́wọ́. Kámẹ́rà ò lọ́wọ́.
Iwájú la fẹ́ wò; ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, olófòófó ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dé e.
Mo dé e nínú ọyẹ́, mo dé e nínú òjò,
mo dé e lọ́jọ́ tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn kan ní Adéwọlé:
àkẹtẹ̀ fọ́ sí mẹ́ta, dígí ò ní àpá kan ṣoṣo.
Mo ṣa àfọ́kù rẹ̀ sápò bí ẹni ń ṣa eyín ọmọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti wòlímà ilé Alùfáà Jíbírílù.
Yàrá ṣú, iná ò sí; mo tan fíláàṣì orí kámẹ́rà,
mo gbàgbé àkẹtẹ̀ síbẹ̀.
Àsíátù wọ funfun, ó gbé wàláà dání;
nígbà tí fọ́tò jáde,
òjìji kan tẹ̀ bí dòjé sí ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní san kọ́bọ̀.
Ìyá-ìyá rẹ̀ gba fọ́tò, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ ò rí i pé oṣù ló lé sára ọmọ mi?"
Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sanwó.
Ọ̀gá ní òpònú tí orí ń gbè ni mí.

Èyí tí n kò sọ fún un nìyí.
Ní ẹbu ìkòkò Òkélele, lásìkò tí iná ń kú lọ,
mo bọ́ àkẹtẹ̀ kúrò. N kò mọ ìdí.
Ìyá Sìfáwù bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá gígùn yọ ìkòkò nínú eérú,
oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wọ̀.
Ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pè ya wọ inú dígí,
ó rú gbogbo rẹ̀ bí omi wàrà.
Fọ́tò bàjẹ́: dúdú rẹ̀ ò dú, pupa rẹ̀ ò pọ́n.
Àmọ́ èéfín àti oòrùn di nǹkan kan,
ìyá dúró láàárín wọn bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ,
tí amọ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Ní oṣù kejì, ó kú.
Sìfáwù wá béèrè bóyá mo ní fọ́tò ìyá òun.
Mo tẹ́ méje sílẹ̀ tí mo fi àkẹtẹ̀ yà,
ó mọ́ gaara, o lè ka ìlà iwájú orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èyí tó bàjẹ́, mo fi sísàlẹ̀.
Ó ń ṣí wọn, ó ń ṣí wọn, ó dé ìsàlẹ̀, ó dákẹ́.
Òun ló mú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí onífọ́tò máa dé e,
mo ní ọ̀kan tuntun nínú àpò mi.
Òfin kẹta ṣì wà lára ògiri.
Ọ̀gá bá mi dé ilé Sìfáwù lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá.
Ó rí fọ́tò náà lókè ilẹ̀kùn,
ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí
bí ẹni tí oòrùn ń ràn lójú,
ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.