Ìwé Ìpàdé, Pópó Àgùdà

Èmi ni akọ̀wé. Ohun tí wọ́n sọ ni kí n kọ,
kì í ṣe ohun tí mo mọ̀.
Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀,
òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé Màmá Filoména,
ọ̀dà ń bó lójú fèrèsé tí àwọn Àgùdà gbẹ́.
Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Fáànù kan.
Ìdìbò abẹ́lé ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún,
àwọn tó fẹ́ ṣe ààrẹ sì ti gbọ́ iye aṣojú
tó ń fetí sí agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.
Wọ́n ń wá ìfọwọ́sí wa.

Sẹ́nétọ̀ ló kọ́kọ́ dé, òun àti ọmọkùnrin mẹ́fà.
Lọ́fíńdà wọn ti gun àkàsọ̀ kí wọ́n tó gùn ún.
Ó ní ìyá ni wúrà.
Ó ní ìlera, ó ní ètò, ó ní a ó wò ó.
Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí dìde: “Òfin oyún ṣíṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ó yí i padà?”
Ọkùnrin náà mu omi.
Ẹnu rẹ̀ kò gba “ṣẹ́”. Sẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: Sẹ́nétọ̀ mu omi.

Obìnrin kejì dá wá, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé e láti Ọbáléndé.
Aṣojú rẹ̀ kò tó ogójì, bàtà rẹ̀ sì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ó dáhùn bí ẹni ń san gbèsè:
“Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìwé náà bá dé orí tábìlì mi, n óò fọwọ́ sí i.”
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ẹ̀rù bà wá, bí ẹni fi èjìká ti ilẹ̀kùn
tó rò pé wọ́n ti há pa.

Ìgbà tó lọ tán ni ìjà bẹ́.
Àlàájà Rálíátù ní ẹni tó máa wọlé là ń fún lọ́wọ́,
òtítọ́ ọ̀rọ̀ kì í ra gààrí nílé ìgbìmọ̀.
“Ẹni tó wọlé lọ́jọ́sí ńkọ́? Ó tún mọ̀nà Pópó?”
Ẹnì kan ní Ọlọ́run kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀.
“Ẹ̀jẹ̀ wo? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi nù ún nílẹ̀!”

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé òfin yẹn wá:
ọdún mẹ́rìnlá fún ọwọ́ tó ràn án lọ́wọ́,
ọdún méje fún òun fúnra rẹ̀.
Wọ́n ti tún tiwọn kọ.
Tiwa ṣì wà láàárín ilé bí àga àlejò,
à ń fẹsẹ̀ kọ ọ́ lóru.

Ohun tí n kò kọ:
Kúbúrátù, ọmọ Ìdúmàgbò, ọdún mẹ́tàdínlógún,
tí ìyá rẹ̀ gbé wá sí wọ́ọ̀dù mi nínú ìró méjì,
ìkejì fún ohun tí ìkíní kò lè fà mu mọ́.
Mo ní, “Kí lo lò?”
Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà,
ẹni tó kàn wá kí ìyàwó rẹ̀ tó bí ìbejì.
Ó ní, “Mo ṣubú.”
Títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́: mo ṣubú.
Èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ọsibítù,
pẹ̀lú ọwọ́ yìí: ó ṣubú.

A nawọ́. Mẹ́rìndínlógún fún obìnrin oníkẹ̀kẹ́,
mẹ́rìnlá fún Sẹ́nétọ̀.
Ẹnì kan ní apá ń ro òun.

Lábẹ́ “Àwọn tí kò lè wá,” mo fi orúkọ kan kún un.
Alága gbé awò ojú rẹ̀ sókè.
“Kúbúrátù wo nìyí? Ṣé ó ń san owó ẹgbẹ́?”
Mo ní ó ti san án.
Ó wò mí. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń pe ọmọ wọlé wá jẹun.
Alága na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n fún òun ní bírò,
kì í ṣe èyí, èyí tó ń kọ.