Àtàǹpàkò Wọ Ìlà

Ní ilẹ̀ Afar, oòrùn kì í yọ, ńṣe ló ń já luni.
Aago méje àárọ̀, òkúta ti gbóná bí ìkòkò orí iná.
Urkale fi ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ àbúrò,
ó gba iṣẹ́ asẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń wá egungun:
kó bu iyanrìn, kó sẹ́ ẹ,
kó ṣa ohun tí kì í ṣe òkúta.
Owó ọjọ́ kan ra ìyẹ̀fun, ó ku ti ṣúgà.

Bàtà rẹ̀, táyà ọkọ̀ akẹ́rù ló gé e.
Ìka kejì ẹsẹ̀ òsì kò sí mọ́;
ràkúnmí kan ló tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà iyọ̀
lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀.
Ó máa ń ní, "Mẹ́rin tó kù ń ṣiṣẹ́ márùn-ún."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, nǹkan kan jókòó sórí asẹ́,
kò ju ìdajì ìka lọ, ó dúdú bíi kóró dábínù.
Kò pariwo. Ó tutọ́ díẹ̀ sí i, ó nù ún,
ó ní, "Èyí kì í ṣe ti ewúrẹ́. Mo mọ ewúrẹ́."

Letay, ọ̀gá wọn, ọmọ Mekele, kúnlẹ̀ sínú eruku.
Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.
Egungun àtàǹpàkò ni. Ti ẹsẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n wo bó ṣe yà kúrò lára ìyókù,
bí ọmọ tó bínú jáde kúrò nínú agbo ilé
tó lọ dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.
Àtàǹpàkò tó lè di ẹ̀ka mú ni,
bíi ti ìnàkí, bíi ti ọ̀bọ
tó fẹsẹ̀ so rọ̀ tó ń fọwọ́ jẹun.

"Igi wà níbí nígbà yẹn," Letay wí.
Urkale wò yíká: òkúta, òkúta, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Igi wà. Odò wà.
Àwọn kan sì wà tí wọn kò tíì mọ̀
bóyá òkè nilé ni àbí ilẹ̀.
Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá ṣa èso tó jábọ́,
wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, tàgétàgé,
ẹkùn á kùn, wọ́n á tún dorí igi.
Láyé ìgbà yẹn náà, ní àfonífojì kejì,
àwọn mìíràn ti ń tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kì,
àtàǹpàkò wọn ti wọ ìlà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀,
àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń gbé sókè bí afárá kékeré.
Ta ló sọ fún wọn pé èyí ni yóò pẹ́? Kò sẹ́ni.
Ẹsẹ̀ méjì, ọ̀nà méjì, oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n.

Èmi tí mo ń kọ èyí, mo bọ́ bàtà mi níbí yìí.
Mo ní kí àtàǹpàkò mi yà. Kò gbọ́.

Ohun tí ẹsẹ̀ jèrè, ọwọ́ ló ń ná an.
Ẹsẹ̀ gbàgbé ẹ̀ka, ọwọ́ ráyè gbé ọmọ,
gbé omi, gbé òkúta, gbé ìbọn.
Gbèsè ibẹ̀ ńkọ́?
Bi orúnkún àgbà léèrè. Bi ẹ̀yìn rẹ̀.

Lálẹ́, Urkale délé. Kadiga, ọmọ rẹ̀ obìnrin,
bímọ níjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn; ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ.
Bàbá àgbà na ìka kan,
ó fi ra àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò tíì kan ilẹ̀ rí.
Ìka márààrún ká.
Wọ́n di ìka rẹ̀ mú, wọ́n dì í pinpin,
bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ gbọ̀n bọ́ láti orí igi.

Kadiga ní, "Bàbá, wàrà yín ń tutù."
Kò dáhùn. Kò fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ jù sílẹ̀.