Ojú Ìwé Kan Péré

Ojú ìwé mẹ́rin ni mo gbé bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́.
Fọ́tò mi wà lókè, mo wọ kóòtù àyálò.
Ọjọ́ ìbí mi wà níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mi,
iye ọmọ mi, ẹ̀sìn mi, orúkọ ọkọ mi tó ti kú,
àti pé mo fẹ́ràn ìwé kíkà àti ìrìn àjò.
Ìrìn àjò! Èmi tí n kò kọjá Àkúrẹ́ rí
kí bàálù tó wá sọ̀ mí sínú yìnyín Winnipeg.

Marivic, obìnrin Filipíìnì tó ń ran àlejò lọ́wọ́
ní ilé ìkàwé òpópónà Sargent, mú bírò pupa.
Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń fa ìlà.
Fọ́tò: ó fà á. Ọjọ́ orí: ó fà á.
Ẹ̀sìn: ó fà á. Ọkọ mi:
ó wò mí lójú díẹ̀, kó tó fà á.
"Níbí," ó ní, "wọn kò gbọdọ̀ bi ọ́ léèrè ìyẹn."
Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ,
àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un sin.

"Kí lo ṣe ní ibi iṣẹ́ omi?"
Mo ní, a máa ń tún ẹ̀rọ ṣe.
"Ta ni ń jẹ́ 'a'? Ìwọ ńkọ́?"
Wọ́n kọ́ mi nílé pé ẹlòmíràn ní í kini,
ẹnìkan kì í jókòó kó máa ki ara rẹ̀.
Marivic ní, "Igba ìwé ló wà lórí tábìlì wọn.
Ìṣẹ́jú àáyá méje ni wọn yóò fi wo tìrẹ."
Méje! Ẹ káàárọ̀ nílé wa kì í parí ní méje.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá "èmi" kiri.
Mo bá a ní òru ọjọ́ kan, nínú òjò:
páìpù ńlá bẹ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn,
ọ̀gá wa pa fóònù, ó ń sùn.
Ta ló wọ inú ẹrẹ̀ dé ìbàdí? Èmi.
Ta ló yí fáàfù náà títí àtàǹpàkò fi ya? Èmi.
Ilẹ̀ mọ́, omi ń yọ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí,
n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Kọ ọ́. Fi òǹkà sí i. Ilé mélòó?"
Ta ní í ka iye ẹni tó fún lómi mu?
Mo kà á ṣáá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ilé. Ọdún mẹ́rìnlá.
Onígbáméjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo,
kì í sì í ṣe láti ọ̀dọ̀ tiwa.

Àlàfo kan kù: ọdún méjì tí n kò níṣẹ́.
Ìyá mi ni. Rọpárọsẹ̀. Èmi ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Marivic gbé bírò sókè, kò fà á.
Ó ní ìyá òun wà ní Iloilo,
àbúrò òun ló ń wẹ̀ ẹ́.
Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀:
Ìtọ́jú ẹbí, ọdún méjì.

Lórí orúkọ nìkan la ti jà.
Ó ní ká gé e kúrú, kó lè rọ̀ wọ́n lẹ́nu.
Mo ní rárá. Ìbíwùmí Ọ̀ṣúndàhùnsi.
Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá kan nínú méje náà
kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ yìí mo tẹ bọ́tìnnì, ìwé lọ.
Mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, mo dúró tì í,
mo tẹ́tí. Agbára rẹ̀ pọ̀ jù díẹ̀.
Ó yẹ kí ẹnìkan lọ dín in kù.