Òkèèrè

Ní kafẹ́ Káṣìmáwò, lẹ́yìn ọjà Yába,
jẹnẹrétọ̀ ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa.
Ó ní, "Sẹ́nàmi, kí la fẹ́ kọ síbí?"
Mo ní, "Èdè òkèèrè, àti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè."
Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún wojú mi:
"Lọ́yà ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ńkọ́?
Ta ní ń jẹun lẹ́nu èdè?"

Àkọ́yàn. Àṣàyàn kejì.
Àpótí funfun méjì lójú kọ̀ǹpútà,
wọ́n lanu sí mi bí ọmọ ẹyẹ inú ìtẹ́.

Bàbá mi ní kí n gba Àjàṣẹ́ lọ:
Tanti Mauyọn ń bẹ níbẹ̀, ibùsùn ò wọ́n,
Faransé ni wọ́n fi ń ná iyọ̀.
Tíṣà Ọdúnẹ́wu ní Ifẹ̀ ni, Ifẹ̀ náà ni.
Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Ṣáínà,
kí àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi
yéé fi ayédèrú gbowó lọ́wọ́ òun.

Èmi, ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun bí egungun ẹja:
ibo gan-an ni òkèèrè wà?
Faransé ni tanti mi fi ń bú ewúrẹ́ aládùúgbò.
Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi nà mí ní kíláàsì kìíní.
Yorùbá ni mo fi ń ra kẹrosíìnì ní Adékúnlé.
Ègùn ni mo fi ń lálàá.
Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni àlejò?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ìyá mi,
mo rìn wọ Akọka, n kò wí fẹ́nì kan.
Mo kan ilẹ̀kùn kan ní àjà kẹta.
Ọkùnrin kan ń mu gààrì láàárín ìwé.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Ègùn wà nínú èdè tí ẹ ń yẹ̀ wò?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.
"Kí lẹ ń pe ẹja?"
"Hweví."
"Tún un pè."
Ó fìka kan ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀,
ó ní kí n pè é lẹ́ẹ̀kẹta,
ó wá fa bébà yọ lábẹ́ abọ́ gààrì,
ó kọ àwọn lẹ́tà kan tí n kò rí rí,
ọ̀kan nírù, ọ̀kan dorí kodò,
ó sì kà á sókè.
Olúwa mi, ẹnu ìyá mi ló wà lórí bébà yẹn.

"Akọka," ni mo wí fún Káṣìmáwò.
"Èkejì ńkọ́?"
"Ẹ kọ Ifẹ̀, kí tíṣà má baà bínú."

Nírọ̀lẹ́, lórí pákó ilé wa ní Makókó,
ìyá mi ń yí ẹja lórí iná, èéfín bò ó dé ọrùn.
"Ibo lo wá mú?"
Mo nawọ́ sí òdìkejì ọ̀sà,
níbi tí iná yunifásítì ti ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Ibẹ̀ yẹn? Tí mo ti ń wò kí n tó bí ẹ?"
Ó dákẹ́. Ó yí ẹja mìíràn.
"Mi ò dé ibẹ̀ rí."
Ó wá fi Ègùn sọ gbólóhùn kan, sínú èéfín.
N kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.