Ọkọ̀ Tí Kì Í Mu Epo

Ọdún tí lítà epo kan fo ẹgbẹ̀rún náírà kọjá,
tí a ń fi agolo mílíìkì wọn ìrẹsì bí ẹni ń wọn oògùn,
ọdún náà gan-an ni ọkọ mi lóun máa ra ọkọ̀.
Kì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ o. Ọkọ̀ odò.
Mo ní, "Sáádù, ṣé ibà ni?"
Ó ń yọ egungun ẹja nínú eyín, kò dáhùn.

Ó ta máṣíìnì rẹ̀ fún ọmọ Bàbá Gàníyù,
Bàjáàjì pupa tó fi gbé mi wọlé ọkọ.
Ó ta ọkọ́ méjì mọ́ ọn. Owó kò pé.
Ó wá jókòó ti ààrò mi, ó ń wo ẹja tí mo ń yan
bí àlejò tó fẹ́ tọrọ omi.
Mo ti mọ̀. Àjọ mi ni.
Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ tí mo tọ́jú de páànù tó ń jò lórí wa.
"Ilé ń jò," mo ní,
"o tún fẹ́ ra ohun tí omi yóò máa wá sínú rẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Ńdàgí ará Jẹ́bà ló kàn án.
Ó dé lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ewúrẹ́ bọ̀,
ìgbẹ́ ewúrẹ́ kún inú rẹ̀ wómúwómú,
ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ.
Ọlọ́pàá ní Ẹyẹnkọrin ní, "Pépà ọkọ̀ dà?"
Sáádù ní, "Èwo nínú àwọn méjèèjì?"
Wọ́n gba owó èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n gba ti èyí tó wà lókè.
Alùfáà Yàkúbà rí i létí dáàmù, ó mi orí:
"Ẹni tí kò lọ́bẹ̀ kì í ra àwo tuntun."
A ṣe àmín, a ti ọkọ̀ sómi.

Lóòótọ́ ni pé kì í mu epo.
Omi ló ń mu.
Agolo ìrẹsì mi ni mo fi gbọ́n ọn, láti àárọ̀ dé ọ̀sán,
bí mo ti ń gbọ́n ni mo ń ṣírò:
ká ní ìrẹsì ni èyí, à bá ti lọ Mẹ́kà, à bá ti dé.

Tíṣà Rúkáyátù ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Budó Alágbẹ̀dẹ,
bàtà lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀kì nínú ọ̀rá.
Owó ọ̀kadà tó ń gba títì yí odò po
ti jẹ owó oṣù rẹ̀ kan eegun.
Ó ní òpin oṣù lòun yóò san.
Sáádù fi èédú kọ ọ́ sára pákó.
Omi fọ gbèsè náà dànù lọ́jọ́ kejì.
Tíṣà fúnra rẹ̀ ló tún un kọ,
àtijọ́ náà títí dòní ló ń tún un kọ,
ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára ju tiwa lọ.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá,
ẹnì kan ń ti máṣíìnì pupa bọ̀ nínú iyanrìn,
ọmọ Bàbá Gàníyù, táǹkì gbẹ táútáú.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wa kọjá."
Ọkùnrin mẹ́ta gbé e sínú ọkọ̀.
Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀; ó fi àpá ẹ̀wù nu eruku orí àga,
ibi tí mo jókòó sí lọ́dún náà, tí mo di í mú níbàdí.
"Èló ni?" ni ọmọ náà wí.
Sáádù wò mí.
Mo ní, "Ìwọ, owó èèyàn kan.
Òun, owó èèyàn méjì,
torí ó wúwo, àti torí pé a ti jọ mọra rí."

Òjò ti ń ṣú lápá Sóbì bí mo ti ń sọ èyí.
Páànù wa ò tíì yí padà.
Mo mú agolo dání; mi ò mọ èwo
nínú ilé àti ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pè mí.