Ìwọ̀n Búrẹ́dì

Kí àwọn alágbára tó nawọ́ sókè
nínú gbọ̀ngàn tí yìnyín yí ká,
búrẹ́dì Wúràọlá ní Èbúté-Mẹ́tta
gùn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.
Mo mọ̀. Èmi ni mo ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ní orílẹ̀-èdè méje dìmọ̀ pọ̀, wọ́n mulẹ̀:
ẹni bá fọwọ́ kan ọ̀kan, ó fọwọ́ kan gbogbo wọn.
Ó dáa. Ọmọ ìyá ní í gbèjà ara wọn.
Ṣùgbọ́n òkun tí wọ́n fi ọkọ̀ ogun dí,
àlìkámà wa ló há síbẹ̀.

Sàídì, akọ̀wé wa ní èbúté Àpápá,
ń wo ojú fóònù bí ẹni ń wá òṣùpá ààwẹ̀.
"Ọkọ̀ ti ṣẹ́rí. Ìsàlẹ̀ Áfíríkà ló ń gbà bọ̀.
Oṣù kan sí i. Owó ìdúró, owó adójútòfò,
dọ́là ni gbogbo rẹ̀."

Dọ́là! Ẹni tí kò tẹ̀ ọ́ nílé rẹ̀
ló ń fi ọ́ ra ìyẹ̀fun.

Ẹ má pè mí ní koríko abẹ́ erin.
Koríko kì í koná ní aago mẹ́ta òru.
A yọ ife kan kúrò nínú ìyẹ̀fun tí à ń pò,
a ò wí fún ẹnikẹ́ni.
Ó wú, kò dé etí agolo.

Ní ìdájí, ọmọdébìnrin kan na owó àná sí mi,
ó wo búrẹ́dì, ó wò mí:
"Ẹ̀gbọ́n, ta ló bù ú jẹ?"

Ìlú méje wà lẹ́nu mi.
Mo fi ọ̀rá wé e. Mo ní kó bá mi kí ìyá rẹ̀.